Páàdì Inú

“Gbé kọ́kọ́rọ́ yẹn jìnnà sí ọkọ̀ kí o tó fọwọ́ kan ohunkóhun.”

Bàbá ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó jókòó sórí àga oníke lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ wọn lẹ́yìnkùlé, ó fi ìrọ̀rí ti ẹ̀yìn, ó sì ń wo ọmọbìnrin rẹ̀ bí olùkọ́ ṣe ń wo akẹ́kọ̀ọ́ lọ́jọ́ ìdánwò. Olùkọ́ náà sì ni lóòótọ́. Ìṣirò ló ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé girama. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un lẹ́yìn, dókítà ti kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ gbé ohun tó wúwo mọ́. Bí yíyẹ bíréèkì ọkọ̀ wò, iṣẹ́ tó máa ń dá ṣe lọ́dọọdún, ṣe bọ́ sọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ nìyẹn.

“Mo ti gbé e sínú ilé, Bàámi. Orí tábìlì ìdáná ló wà.”

“O ṣeun. Ọkọ̀ yìí kì í ké. O lè rò pé ó ń sùn, kó sì jẹ́ pé ó lajú sílẹ̀ kedere. Tí kọ́kọ́rọ́ bá wà nítòsí, ó lè jí, kó sì fúnra rẹ̀ tẹ bíréèkì nígbà tí ìka rẹ ṣì wà níbẹ̀. Ìka kì í sì í hù bí èékánná.”

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Sùúrù ni wọ́n ń pè é nílé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nìyẹn. Láti kékeré ló ti máa ń fara balẹ̀ ṣe nǹkan. Tó bá ń fọ abọ́, á fọ̀dí rẹ̀. Tó bá ń ká aṣọ, á ká a kó rí pelebe bí ìwé. Ní ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, Atẹ́gùn ni Bàbá ń pè é, nítorí pé kò sí ibi tó ń lọ tí kì í sáré débẹ̀. Nígbà tí Bàbá ń wá ẹni tí yóò fi iṣẹ́ bíréèkì lé lọ́wọ́, kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ọkọ̀ náà jẹ́ irú èyí tó ń lo epo, tó tún ń lo iná bátìrì, èyí tí àwọn èèyàn ń pè ní haíbíríìdì. Òun ni Màmá, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ń gbé lọ sílé ìwòsàn lójoojúmọ́.

Sùúrù fi òkúta dí àwọn táyà tó wà nílẹ̀ kí ọkọ̀ má baà yí. Ó fi jáàkì gbé ọ̀kan sókè, ó ti ẹsẹ̀ irin bọ abẹ́ ọkọ̀ kó lè dúró gbọnin, lẹ́yìn náà ló tó yọ táyà. Àwo irin pẹrẹsẹ kan hàn, ó ń dán. Páàdì bíréèkì méjì ló há a mọ́ àárín, ọ̀kan níta, ọ̀kan nínú, bí ìgbà tí èèyàn bá fi àtàǹpàkò àti ìka mú àwo oúnjẹ.

“Wò ó dáadáa,” Bàbá wí. “Tí màmá rẹ bá rọra tẹ bíréèkì, ẹ̀rọ iná inú ọkọ̀ yìí ló ń dá táyà dúró, á sì tibẹ̀ kó agbára padà sínú bátìrì. Páàdì kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́. Àfi tó bá tẹ̀ ẹ́ gidi.”

“Ṣé ìyẹn ò wá dáa ni? Á pẹ́ kó tó jẹ.”

“Ó dáa, ó sì léwu. Ilẹ̀kùn tí èèyàn kì í ṣí, ṣé kì í di pa ni? Ìpẹtà á mú àwọn píìnì tó yẹ kó máa yọ̀ síwá sẹ́yìn. Tí wọ́n bá ti há, páàdì inú nìkan ni yóò máa ṣiṣẹ́, á máa jẹ, á máa jẹ, tí tòde á ṣì sanra bíi ti ọjọ́ tí a rà á. Nítorí náà, má wo ìta nìkan. Yọ méjèèjì jáde, kí o fojú ara rẹ rí wọn.”

Sùúrù ṣe bó ṣe wí. Ó tú bóòtù, ó yọ páàdì méjèèjì, ó fi àkísà tútù nu eruku dúdú ara wọn, nítorí Bàbá ní ẹnikẹ́ni kì í fẹnu fẹ́ eruku bíréèkì. Ẹ̀dọ̀fóró ni yóò gbà á. Ó fa àwọn píìnì jáde, ó nù wọ́n, ó fi gíríìsì pa wọ́n, ó dá wọn padà. Táyà ẹ̀yìn méjèèjì lọ wẹ́rẹ́. Ti iwájú lápá ọ̀tún náà ò yọ ọ́ lẹ́nu. Ó ku ẹyọ kan, ti iwájú lọ́wọ́ òsì.

Ìgbà náà ni Bàbá di ìbàdí mú, ó dìde jẹ́jẹ́. “Ẹ̀yìn mi ti ń pariwo. Jẹ́ kí n lọ nà gbalaja díẹ̀. O ti mọ̀ ọ́n ṣe.”

“Ẹ lọ sinmi, Bàámi. Màá parí ẹ̀.”

Bàbá wọlé tán ni ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé dún. Ọ̀rẹ́ Sùúrù tó jẹ́ ọmọ kíláàsì rẹ̀ ni, ẹni tí gbogbo wọn ń pè ní Ẹlẹ́rìn-ín. Ọjọ́ ìbí rẹ̀ ni, wọ́n sì ti jọ ṣàdéhùn láti lọ wẹ̀ nínú odò àtọwọ́dá kan tó wà nígboro.

“Ah! Sùúrù! Ṣé mẹkáníìkì lo fẹ́ dà ni? Wo ọwọ́ ẹ bí ìsàlẹ̀ ìkòkò!” Ó bú sẹ́rìn-ín. “Gbogbo wa la ti wà nínú ọkọ̀ níta. Ìwọ nìkan là ń dúró dè, dẹ́rẹ́bà ti ń fajú ro.”

“Ẹ fún mi láyè díẹ̀. Ó ku táyà kan.”

“Díẹ̀ tìẹ kì í ṣe díẹ̀. Tá a bá dúró dè ẹ́, ilẹ̀ á ṣú.”

Sùúrù sáré gbé sípánà lé bóòtù. Kò yí. Ó fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́. Sípánà yọ̀, ó sì bó o lẹ́yìn ọwọ́. Fèrè ọkọ̀ dún níta, ó tún dún. Ẹnì kan ń pariwo pé, “Ẹ fi í sílẹ̀ o jàre!”

Ó gbé tọ́ọ̀ṣì, ó tàn án sí páàdì tòde. Ó nípọn dáadáa, kò sí ohun tó ṣe é. Ó wo bóòtù tó dì pa yẹn. Ó wo ẹnu ọ̀nà. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé mẹ́ta tí òun tú dára, ẹ̀kẹrin ò lè yàtọ̀. Ó gbé táyà padà sáyè rẹ̀, ó di gbogbo nọ́ọ̀tì, ó sọ jáàkì kalẹ̀.

Nígbà tó ń sáré fọwọ́, Bàbá pè é láti yàrá. “Ṣé gbogbo rẹ̀ dára?”

“Ó dára, Bàámi.”

“Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin?”

“Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, Bàámi.”

Ká sọ tòótọ́, ó gbádùn ara rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó wẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó yàwòrán. Bóòtù yẹn ò sí lọ́kàn rẹ̀ rárá nígbà tó padà délé.

Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, Màmá ti ibi iṣẹ́ dé, ó bọ́ bàtà, ó sì jókòó gẹlẹtẹ sórí àga.

“Sùúrù, nǹkan kan ń ké kẹrẹrẹ lápá iwájú ọkọ̀ yẹn tí mo bá fẹ́ dúró. Ṣé o rí nǹkan kan lọ́jọ́ tó o tú u?”

Bàbá, tó ń máàkì iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lórí tábìlì, gbójú sókè. Àyè ti ṣí sílẹ̀ fún Sùúrù láti sọ̀rọ̀. Gbólóhùn kan péré ló gbà. Ṣùgbọ́n gbólóhùn yẹn yóò fa òmíràn jáde: o ní mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àbí o ò ní mẹ́rẹ̀ẹ̀rin?

“Ó lè jẹ́ iyanrìn, Màámi. Àwọn tó ń kọ́lé lójú ọ̀nà yẹn ń da iyanrìn kiri.”

“Bí ìwọ bá ti sọ bẹ́ẹ̀, ọkàn mi balẹ̀,” ni Màmá wí, ó sì lọ bomi mu.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, Atẹ́gùn gbé ọkọ̀ náà jáde nígbà mélòó kan. Ìdánwò ìwé àṣẹ ìwakọ̀ rẹ̀ ti sún mọ́lé. Ilé iṣẹ́ kan tó ń kó ẹrù fáwọn èèyàn ti sọ pé àwọn á gbà á síṣẹ́ bó bá yege. Ọ̀gá tó ń kọ́ ọ ní ọkọ̀ wíwà máa ń jókòó tì í, wọn a sì rọra lọ sí pápá, wọn a rọra padà.

Ọ̀sán ọjọ́ kan tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni ọ̀rọ̀ náà bẹ́. Màmá ń lọ síbi iṣẹ́. Ó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan tó lọ sí oríta ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọdé ń rékọjá títì. Wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá tán nígbà tí ọmọbìnrin kékeré kan já ike omi rẹ̀ sílẹ̀, ló bá yíjú padà láti wá mú un.

Màmá tẹ bíréèkì pẹ̀lú gbogbo agbára ẹsẹ̀ rẹ̀. Irin há irin lẹ́nu, ó ké bí ọ̀bẹ tí wọ́n ń pọ́n. Táyà ọ̀tún dúró, ti òsì ò dúró, ọkọ̀ náà sì fà lọ sápá ọ̀tún, níbi tí ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí gan-an. Màmá fi ọwọ́ méjèèjì já ọwọ́ ọkọ̀ gbà sósì. Ọkọ̀ gùn ẹ̀bá títì, ó sì forí sọ ògiri ṣọ́ọ̀bù ayàwòrán kan.

Ike omi náà fọ́ pẹ́tẹ́pẹ́tẹ́ lábẹ́ táyà. Ọmọ náà dúró síbẹ̀, kò sunkún, kò sá, ó kàn ń wo ike.

Ọrùn ọwọ́ ọ̀tún Màmá ṣẹ́. Wọ́n fi báńdéèjì líle dì í títí dé ìgúnpá, wọ́n sì ní kò gbọdọ̀ débi iṣẹ́ títí tí yóò fi jinná. Wọ́n wọ́ ọkọ̀ náà dé ẹ̀yìnkùlé, wọ́n fi tapólì bò ó.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, Bàbá pe Atẹ́gùn sí pálọ̀.

“Eré àsápajúdé rẹ ló ba bíréèkì yẹn jẹ́. Kò sí àní-àní níbẹ̀.”

“Bàámi, mi ò sáré. Ẹ bi ọ̀gá mi.”

“Kí n bi ta ni? Sùúrù tú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó ní wọ́n dára. Lẹ́yìn rẹ̀, ìwọ lo gbé e jáde. Ta ni kí n wá mú, èmi ni àbí ọkọ̀ fúnra rẹ̀?”

Sùúrù dúró lẹ́bàá ògiri. Atẹ́gùn gbójú sókè, ó wò ó. Ìwò yẹn kò gùn, kò sì le, ṣùgbọ́n Sùúrù ò lè gbé ojú rẹ̀ pàdé rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Atẹ́gùn tẹ orí ba.

“Mo gbọ́, Bàámi. Ẹ má bínú.”

Àwọn ọjọ́ tó tẹ̀ lé e nira fún Sùúrù ju bó ṣe rò lọ. Òun ló ń bá Màmá de bọ́tìnnì, òun ló ń ya irun fún un, òun ló ń gé ẹran rẹ̀ sí wẹ́wẹ́ kó lè fi ọwọ́ òsì jẹ ẹ́. Nígbà mìíràn, tí Màmá bá tòògbé lórí àga lọ́sàn-án, á ta gìrì, ẹsẹ̀ rẹ̀ á tẹ ilẹ̀ gbì, bí ẹni tó ń wá bíréèkì.

“Ọmọ yẹn ni,” á wí. “Bó ṣe dúró yẹn ni mo máa ń rí.” Lẹ́yìn náà á fọwọ́ òsì pa Sùúrù lórí. “Ọpẹ́lọpẹ́ ìwọ. Ká ní ẹ̀gbọ́n rẹ ní ìdajì ìfarabalẹ̀ rẹ ni.”

Ọ̀rọ̀ yẹn a máa wọ Sùúrù lára bí ẹ̀gún. Àwọn àgbà ní ẹni tí a ní kó kín ni lẹ́yìn ló fi ẹ̀gún sọ́wọ́. Òun gan-an rèé, ó ń kín ìyá rẹ̀ lẹ́yìn, ẹ̀gún sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Nílé-ìwé, ó sọ ọ́ fún Ẹlẹ́rìn-ín. Fún ìgbà àkọ́kọ́, Ẹlẹ́rìn-ín ò rẹ́rìn-ín.

“Ta ló tún mọ̀?”

“Kò sẹ́ni tó mọ̀.”

“Ó ti parí nìyẹn. Bọ̀dá ẹ, ọkùnrin ni, inú ẹ̀ á rọ̀ tó bá yá. Ṣùgbọ́n ìwọ, tó o bá sọ ọ́, ta ni yóò tún fọkàn tán ẹ?” Ó wo ojú Sùúrù. “Àbí tèmi ni, tí mo wá ń kánjú ẹ?”

“Ìwọ kọ́ lo dì mí lọ́wọ́,” Sùúrù dáhùn. Ìgbà tó sọ ọ́ tán ló tó yé e pé òun fúnra òun ló jẹ̀bi.

Ọjọ́ Àìkú ni, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun ọ̀sán tán, gbogbo wọn ṣì wà nídìí tábìlì. Bàbá nu ẹnu, ó sì mú fóònù rẹ̀.

“Mo ti rò ó dáadáa,” ó wí, ojú rẹ̀ kò kúrò lára Atẹ́gùn. “Màá pe ọ̀gá tó ń kọ́ ọ. Kó yọ orúkọ rẹ kúrò nínú àwọn tó fẹ́ ṣe ìdánwò. Ẹni tí kò tíì mọ iyì ẹ̀mí èèyàn, kò yẹ kó wa ọkọ̀ ẹlẹ́rù.”

Atẹ́gùn ń fi ìka yí ife omi rẹ̀ po lórí tábìlì. Bàbá ti ń wá nọ́ńbà.

“Bàámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì pè é.”

“Kí ló dé? Má bẹ̀bẹ̀ fún un.”

“Mi ò bẹ̀bẹ̀, Bàámi.” Sùúrù ti kúrò lórí àga, ó ti wà lórí ìkúnlẹ̀. “Mi ò tú táyà iwájú lọ́wọ́ òsì.”

Ìka Bàbá dúró lórí fóònù.

“O ní o tú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.”

“Irọ́ ni mo pa. Bóòtù ẹ̀ ò ṣí. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ń dúró dè mí níta. Tòde nìkan ni mo fi tọ́ọ̀ṣì wò.”

Màmá gbé ọwọ́ rẹ̀ tí wọ́n dì sórí itan. “Ọjọ́ tí mo bi ọ́ nípa ariwo yẹn ńkọ́?”

“Mo mọ̀ pé ó lè máà jẹ́ iyanrìn, Màámi. Ẹ̀rù ló bà mí.”

Màmá ò jágbe. Ì bá sàn ká ní ó jágbe. Ó wo ọmọ rẹ̀ bí ẹni tó ń wo àlejò, ó dìde, ó wọ yàrá, ó sì ti ilẹ̀kùn. Ẹkún tí Sùúrù ti ń mú mọ́ra látọjọ́ yìí wá ya.

Bàbá fi fóònù lélẹ̀. Ó yíjú sí Atẹ́gùn. “Ìwọ ńkọ́? Ṣé o mọ̀ sí èyí?”

“Mo mọ̀, Bàámi. Ọjọ́ tí wọ́n wọ́ ọkọ̀ dé ni mo ti ká tapólì, mo wò ó. Ìpẹtà tó wà lórí bóòtù yẹn ò tíì ṣẹ́. Sípánà kàn yọ̀ lórí ẹ̀ ni.”

“Kí ló dé tí o ò sọ?”

Atẹ́gùn gbójú sókè. “Ká ní mo sọ ọ́, Bàámi, ta lẹ máa gbà gbọ́ nínú àwa méjèèjì?”

Bàbá ti fóònù náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó fọwọ́ ra ojú. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀.

“Orí yeye ní Mògún, tàìṣẹ̀ ló pọ̀. Ẹ wò ó, èmi tí mo ń kọ́ yín pé ẹ má wo páàdì tòde nìkan, ohun tí mo ṣe fún yín gan-an nìyẹn. Orúkọ ìnagijẹ tí mo fún yín ni mo fi dájọ́. Mi ò tú ẹnikẹ́ni wò.” Ó na ọwọ́ sí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin kọjá àwọn abọ́. “Mo ṣẹ̀ ọ́. Jọ̀ọ́, foríjì mí.”

Atẹ́gùn ò mọ ohun tó yẹ kó ṣe, torí kò tíì rí ibi tí bàbá ti ń bẹ ọmọ rí. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sáàárín àwọn àga, ló bá tari ọ̀kan ṣubú. Sùúrù rẹ́rìn-ín láàárín ẹkún, ó sì yára fọwọ́ bo ẹnu.

“Ìwọ dìde níbẹ̀ yẹn,” Bàbá sọ fún Sùúrù. “Mi ò ní nà ọ́. Ẹgba kì í ṣí bóòtù. Bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ. Tí màmá rẹ bá sì ti gbà, ìwọ àti òun ni yóò jọ lọ sílé ọmọ yẹn. Ẹnu tìẹ ni yóò sọ ọ́.”

Ó pẹ́ díẹ̀ kí Màmá tó gbà. Lọ́jọ́ tí wọ́n lọ, ìyá ọmọ náà jẹ́ kí wọ́n wọlé, ó gbé àga fún wọn, ó sì dúró lórí ìdúró. Sùúrù kúnlẹ̀, ó rò ó látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Kò fi ti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kún un, kò sì fi ti bóòtù tó le ṣe àwáwí.

Ìyá náà wo ọwọ́ Màmá tí wọ́n dì. “Mo ti dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá rẹ tẹ́lẹ̀,” ó wí, “nítorí òun ló já ọkọ̀ yẹn gbà. Ìwọ ni mi ò mọ ohun tí màá sọ fún. Inú ń bí mi. Ó ṣì máa bí mi fúngbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n o wá. Èèyàn púpọ̀ ni kì í wá.” Ó ṣí ilẹ̀kùn fún wọn. “Ẹ máa lọ dáadáa o.”

Wọ́n rin títì kan já. Lẹ́yìn náà ni Màmá fi ọwọ́ òsì di ọwọ́ Sùúrù mú, kò sì fi í sílẹ̀ títí wọ́n fi délé.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ tún bíréèkì ṣe, Bàbá tún gbé àga rẹ̀ jáde. Lọ́tẹ̀ yìí, Atẹ́gùn wà níbẹ̀. Wọ́n fín òróró sí bóòtù yẹn láàárọ̀, wọ́n sì fi í sílẹ̀ kó mu ún. Nígbà tó di ọ̀sán, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò jọ di sípánà mú.

“Má fi ìbínú fà á,” Atẹ́gùn wí. “Jẹ́ ká jọ tẹ̀ ẹ́. Ó yá, ṣe wẹ̀rẹ̀.”

“Ẹ̀yin náà ń sọ pé kí n ṣe wẹ̀rẹ̀, Bọ̀dá mi?”

“Ayé ti yí po nìyẹn.”

Bóòtù náà ké, ó sì yí. Sùúrù fa páàdì tòde jáde. Ó nípọn bí ìgbà tí wọ́n rà á. Ó fa ti inú, ó sì fi í lé Bàbá lọ́wọ́. Kò ku nǹkan kan lára rẹ̀ àfi irin, irin ọ̀hún sì ti ya àwo náà ní ìlà jíjìn yíká.

Wọ́n fa píìnì tó há jáde, ó pupa fún ìpẹtà. Wọ́n fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Àwo méjèèjì tó wà níwájú ni wọ́n pààrọ̀, àti gbogbo páàdì tó wà níbẹ̀, torí Bàbá ní a kì í fún ẹsẹ̀ kan ní bàtà tuntun ká fi ògbólógbòó sí èkejì. Sùúrù wo òróró bíréèkì bóyá ó pé ìwọ̀n. Lẹ́yìn náà ni Atẹ́gùn jókòó, ó rọra tẹ bíréèkì títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi bá ohun tó le pàdé, kó tó wá gbé ọkọ̀ náà lọ sójú títì tó dá, ó ń wà á bí ẹni tó gbé ẹyin. Ó tẹ̀ ẹ́ gidi. Ọkọ̀ dúró ṣánṣán, kò fà sọ́tùn-ún, kò fà sósì. Kó tó di òpin oṣù, Atẹ́gùn ṣe ìdánwò rẹ̀, ó sì yege.

Nígbà tí wọ́n tú ọwọ́ Màmá, tó sì ku ọ̀la kó padà síbi iṣẹ́, Bàbá ní kí Sùúrù tún àwọn táyà wò. Ó tú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pè é lórí fóònù láàárín iṣẹ́ náà. Ó sọ fún wọn pé òun ò lè wá, ó sì padà sídìí táyà.

Ní àárọ̀, Màmá jókòó sínú ọkọ̀, kò sì gbéra. Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí ọwọ́ ọkọ̀, ìka rẹ̀ ń gbọ̀n díẹ̀. Sùúrù jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú aṣọ ilé-ìwé.

“O wò ó?” Màmá bi í.

“Mo wò ó, Màámi. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, inú àti òde. Ọ̀kan nínú ti ẹ̀yìn ti fẹ́ máa jẹ. Kò tíì léwu, ṣùgbọ́n mo ti sọ fún Bàámi, a máa pààrọ̀ ẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀.”

Màmá yíjú, ó wò ó. Ká ní ọjọ́sí ni, gbogbo rẹ̀ ni Sùúrù ì bá sọ pé ó dára, kí ìyá rẹ̀ lè yìn ín. Ìgbà tí Màmá gbọ́ pé ọ̀kan ò fi bẹ́ẹ̀ dára mọ́ ni ìka rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dáwọ́ gbígbọ̀n dúró.

“Ó dáa,” ó wí. “De bẹ́líìtì rẹ.”

Ohun tí Sùúrù kọ́ nìyẹn, òun náà sì ni àwa tí a gbọ́ ọ yóò mú lọ: kò sí ẹni tí iṣẹ́ kì í le fún, kò sì sí ẹni tí ọ̀rẹ́ kì í pè. Bí bóòtù kò bá ṣí, ẹ jẹ́ ká sọ pé kò ṣí. Ìtìjú ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n “ó dára” tí a sọ sí ohun tí a kò wò, ọrùn ẹlòmíràn la fi kọ́, bóyá ti ìyá ẹni, bóyá ti ọmọ kékeré kan tó kàn bẹ̀rẹ̀ mú ike omi.